Pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì: kí ni ká sọ fún àwọn ọmọ wa nípa Adégòkè Adélabú?

ỌmọKúdẹ̀tì
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Lánàá ni ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, ti iléèwé dé, ó ní tíṣà àwọn wo ìwé òun, ó sì sọ pé "pẹnkẹlẹmẹ́ẹ̀sì" ni òun kọ síbẹ̀. Mo bi í pé kí ni ìyẹn. Ó ní rúdurùdu ni. Mo ní ta ló kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde? Kò mọ̀. Kúdẹ̀tì la sì ń gbé! Ẹsẹ̀ lèèyàn máa fi rìn láti ìloro wa dé Òkè-Olúòkun, níbi tí wọ́n sin ẹni tó ni ọ̀rọ̀ náà sí.

Ìwọ̀nba tí mo mọ̀ nìyí. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1915 ni wọ́n bí Adégòkè Adélabú n'Ìbàdàn, nínú ilé Mùsùlùmí. Iléèwé ìjọ Sẹ̀mẹ́ẹ̀sì ní Kúdẹ̀tì níbí ló ti bẹ̀rẹ̀, ó dé ti Mápó, ó wọ Government College Ìbàdàn, ó sì fẹsẹ̀ kan Yaba Higher College kó tó lọ bá ilé-iṣẹ́ UAC ṣiṣẹ́. Ó di olóṣèlú. Níbi tó ti ń bá àwọn alátakò rẹ̀ fa ọ̀rọ̀, ó sọ pé ohun tí wọ́n ń ṣe jẹ́ "peculiar mess", àwọn ara wa tí kò gbọ́ èdè Òyìnbó gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, wọ́n sọ ọ́ di Yorùbá. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹta 1958 ni mọ́tò pa á. Ẹni ọdún 42.

Ìbéèrè mi: kí ni ọkùnrin yìí ṣe tí ìlú fi dàrú lọ́jọ́ tó kú? Tí mo bá fẹ́ sọ ọ́ fún ọmọ yìí, tí mi ò sì fẹ́ parọ́ fún un, kí ni kí n sọ?

Àgbẹ̀_Akánrán
Ọmọ Kúdẹ̀tì, o kú ìbéèrè. Kòkó ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kòkó kò lè mọ Adélabú.

Ní nǹkan bí 1944 ni wọ́n rí àrùn kan lára kòkó ní agbègbè Ìbàdàn yìí, àrùn tó ń mú kí ẹ̀ka àti gbòǹgbò igi wú. Kòkòrò funfun kéékèèké ló ń gbé e láti igi kan dé òmíràn. Kò sí oògùn tó ràn án. Ohun tí ìjọba Òyìnbó gbé kalẹ̀ ni pé kí wọ́n gé igi tó bá ní in.

Ó dùn ún sọ lẹ́nu akọ̀wé. Àmọ́ fi ojú àgbẹ̀ wò ó. Igi tí o gbìn, tí o ro abẹ́ rẹ̀ fún ọdún 5 kó tó fún ọ ní nǹkan kan, igi yẹn ṣì ń so. Èso wà lórí rẹ̀ lónìí. Ẹnì kan dé láti ọ́fíìsì pẹ̀lú àwọn lébìrà, wọ́n sàmì sí i, wọ́n gé e lulẹ̀, wọ́n sì ní nítorí tìrẹ làwọn ṣe ń ṣe é. Igi aládùúgbò rẹ ti bọ́ síbẹ̀ náà. Bàbá tó bí bàbá mi máa ń ka àwọn igi yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka orúkọ òkú.

Ìbínú yẹn ló bí Ẹgbẹ́ Máyégún ní ìparí àwọn ọdún 1940. Mú ayé gún. Àgbẹ̀ ni wọ́n, púpọ̀ nínú wọn kò mọ a yàtọ̀ sí b. Adélabú kọ́ ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ṣe alábòójútó kòkó fún ìjọba rí, ó sì ti bá UAC tó ń ra kòkó ṣiṣẹ́, nítorí náà ó mọ ọjà yẹn láti ẹ̀yìn ìwọ̀n. Nígbà tó jókòó ti àwọn àgbẹ̀, ohun tó ń jẹ wọ́n níyà yé e ju bó ṣe yé lọ́yà èyíkéyìí lọ.

Lẹ́yìn kòkó ni owó-orí dé. Ní 1953, ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group, bu 10 ṣílè àti sísì lé owó tí olúkúlùkù ń san, wọ́n ní ti iléèwé àti ìlera ni. Wọ́n fi owó yẹn ṣe ohun rere, mi ò jiyàn, torí mo lọ sí iléèwé ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ti gé kòkó rẹ̀.

Ìjẹ̀bú_ÒkèÀdó
Bàbá Àgbẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Gbogbo ohun tí ẹ sọ ni mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ yẹn gbọ́ tiwa náà.

Òkè-Àdó ni wọ́n ti bí bàbá mi. Ìjẹ̀bú ni wá, bàbá wọn wá ṣòwò n'Ìbàdàn, wọ́n kọ́lé, wọ́n bímọ. Nílé wa, tí wọ́n bá dárúkọ Adélabú, wọ́n á dín ohùn kù. Ìdí nìyí. Àwọn tí wọ́n ń pè ní àtìpó ti pọ̀ n'Ìbàdàn nígbà yẹn, wọ́n ní owó, wọ́n ní ìwé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n ń bèèrè ẹ̀tọ́ láti ra ilẹ̀ pátápátá àti láti ní ohùn nínú kánsù ìlú tí wọ́n ń sanwó-orí fún. Àwọn ọmọ Ìbàdàn rò pé bí wọ́n bá gbà, ilẹ̀ baba wọn á lọ. Awólọ́wọ̀ tó jẹ́ olórí Ọlọ́pẹ sì jẹ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Rẹ́mọ, ilé rẹ̀ n'Ìbàdàn wà ní Òkè-Bọ́lá. Lójú ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù Ìbàdàn, Ọlọ́pẹ àti Ìjẹ̀bú di ohun kan náà.

Adélabú mọ̀ pé iná wà níbẹ̀, ó sì ń koná mọ́ ọn. Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, oríkì ìlú ni, àwa náà máa ń fi yangàn. Lásìkò òṣèlú yẹn, bàbá mi ní ẹnu àwọn ọmọdé kíláàsì òun lòun ti kọ́kọ́ mọ̀ pé àjèjì lòun.

ỌmọKúdẹ̀tì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tí ẹ sọ èyí. Ìdí tí mo fi bèèrè gan-an nìyẹn. Nílé wa, ìyìn ni mo gbọ́ látìgbà èwe, kò sẹ́ni tó sọ ti Òkè-Àdó fún mi rí.

Akọ̀wé_Mápó
Ẹ jẹ́ kí n bá yín to àwọn ọdún náà, torí ibẹ̀ ni ìyọnu sábà máa ń wà.

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ Adélabú lóṣèlú, ọ̀rọ̀ Salami Agbájé ló kọ́kọ́ gbé e jáde. Agbájé jẹ́ Ọ̀tún Balógun, olówó, oníṣòwò ńlá, ọ̀nà tó lọ sórí oyè Olúbàdàn sì ti ń ṣí fún un. Láti 1949, àwọn mọ́gàjí, ìyẹn àwọn olórí agboolé, àtàwọn ìjòyè kéékèèké dìde pé kò gbọdọ̀ débẹ̀, wọ́n kó ẹ̀sùn jọ sí i lọ́rùn. Adélabú wà lára àwọn tó ń fi gègé gbè wọ́n. Ìjọba yan Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Butcher láti ṣèwádìí, kò sì rí i pé àwọn ẹ̀sùn yẹn fẹsẹ̀ múlẹ̀. Mo gbà pé Adélabú kò ṣe dáadáa níbẹ̀. Àmọ́ ibẹ̀ ló ti mọ àwọn mọ́gàjí, agboolé dé agboolé, ibẹ̀ náà ló ti kọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé Ìbàdàn kò kọ́: pé mọ́gàjí kan lè kó gbogbo agboolé rẹ̀ wá dìbò. (Mojeed Agbájé, lọ́yà, ọmọ Salami yìí, padà di ẹni Adélabú nínú òṣèlú. Bí Ìbàdàn ṣe rí nìyẹn.)

Ní 1951 ni Ọ̀ṣun kúrò lábẹ́ Ìbàdàn. Àwọn ìlú tí àwọn jagunjagun Ìbàdàn ti ń gba owó wọn láti ayé ogun jáde lọ. Ìlú yìí dàbí ẹni tí wọ́n gé lápá.

Ọdún yẹn náà ni ìbò Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn. Ìbàdàn ní ipò 6, ẹgbẹ́ IPP, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Ìbàdàn, sì kó gbogbo rẹ̀. Ìbò parí tán, 5 nínú wọn wọ Ọlọ́pẹ lọ, Adisa Akínlóyè wà lára wọn, ó sì di mínísítà iṣẹ́ àgbẹ̀ lábẹ́ Awólọ́wọ̀. Adélabú nìkan ló dúró pẹ̀lú NCNC, ẹgbẹ́ Alákùkọ ti Azikiwe.

Kíá ni mo máa sọ èyí tó kù. Àwọn asanwó-orí, àwọn ará Máyégún àti àwọn mọ́gàjí para pọ̀ di Mábọláje, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ NCNC. Ní 1954 wọ́n gba kánsù Ìbàdàn, Adélabú di alága. Lópin ọdún yẹn, NCNC ní aṣòfin 23 nínú 42 láti Ìwọ̀-Oòrùn lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ àpapọ̀ l'Ékòó, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́pẹ ló ń ṣèjọba níbí! Oṣù Kíní 1955, Adélabú di mínísítà àpapọ̀ fún ohun àlùmọ́nì àti ìgbáyégbádùn.

Arẹ́wà_Agodi
Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó ń ṣe mínísítà l'Ékòó, ó tún ń ṣe alága kánsù n'Ìbàdàn lẹ́ẹ̀kan náà?

Akọ̀wé_Mápó
Lẹ́ẹ̀kan náà ni o, ọmọ mi. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yan E. W. J. Nicholson, Òyìnbó kan tó jẹ́ akọ̀wé kánsù ní ìlú rẹ̀ n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé kó wá tú ìwé kánsù Ìbàdàn wò. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1956, ó dá kánsù lẹ́bi, ó sì fi ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́ kan Adélabú fúnra rẹ̀. Ó kọ̀wé fi ipò mínísítà sílẹ̀, ó fi ti alága sílẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé òṣèlú ni ìwádìí yẹn látòkè délẹ̀. Òótọ́ ni pé ìjọba tó yan olùwádìí jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Àmọ́ agbára tó pọ̀ jù wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú kánsù yẹn, ẹni tó bá sì ti rí bí kánsù ṣe ń pín iṣẹ́ kòńtírákì yóò mọ ohun tí ìyẹn máa ń fà. Mo ti ṣiṣẹ́ kánsù fún ọdún 31, n kò lè pa ojú dé sí i.

Àgbẹ̀_Akánrán
Akọ̀wé, ẹ parí rẹ̀. Kí ni Ìbàdàn ṣe lẹ́yìn ìròyìn yẹn?

Akọ̀wé_Mápó
Wọ́n tún dìbò fún un. Oṣù Karùn-ún 1956, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tó fipò sílẹ̀, ó padà wọlé sí Ilé Ìgbìmọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, ó sì di olórí àwọn alátakò, ó dojú kọ Awólọ́wọ̀. Ní 1957 ó wà lára àwọn tó lọ sí ìpàdé òfin ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó ń jà fún nígbà yẹn ni pé kí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ kan jáde fún Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ nínú Ìwọ̀-Oòrùn. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dé ní 1976, ó ti kú ní ọdún 18 ṣáájú.

Àgbẹ̀_Akánrán
Ẹ ṣé. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nìyẹn. Kì í ṣe pé àwọn bàbá wa kò gbọ́ ohun tí Òyìnbó yẹn sọ. Wọ́n gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ló kù fún wọn? Nínú gbogbo àwọn tó kàwé tí wọ́n rán lọ, ẹni tó ń padà wá sọ ohun tí wọ́n sọ lọ́hùn-ún fún wọn, lédè Ìbàdàn pọ́ńbélé, kò ju òun lọ.

Arẹ́wà_Agodi
Mo gbọ́ pé ó kọ̀wé náà?

Akọ̀wé_Mápó
Bẹ́ẹ̀ ni, *Africa in Ebullition*, 1952. Èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ le bí òkúta, ọ̀rọ̀ òmìnira ló sì kún inú rẹ̀. Ẹni kan náà yìí ló tún lè dúró níwájú Mápó kí ìyá aláta lóye gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìyá_AláṣọÒkè
Ẹ kú ìjókòó. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ọmọ ọdún 9 ni mí ní 1958, mo wà pẹ̀lú ìyá mi ní Ọjà'ba.

Èkó ni wọ́n ti ń bọ̀, òun àti oníṣòwò Kórà kan (bí a ṣe ń pe àwọn ará Síríà àti Lẹ́bánọ́nì), ní ọ̀nà àtijọ́ tó gba ilẹ̀ Rẹ́mọ. Máìlì 51 ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ọkọ̀ wọn kọ lu òmíràn. Ìròyìn dé Ìbàdàn kó tó di pé òkú dé.

Ohun tí mo rántí ni pé ariwo ọjà dákẹ́. Ẹ̀yin tó mọ Ọjà'ba mọ̀ pé kì í dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan bú sẹ́kún níbi ìsọ̀ elùbọ́, ìyá mi ju aṣọ tó ń ká sílẹ̀, ó fà mí lọ́wọ́, a bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílé, gbogbo ọ̀nà kún fún àwọn tó ń káwọ́ lérí. Ìyá mi kò jẹ ẹ̀bà alẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àgbàlagbà lè sunkún nítorí ẹni tí kò bá a tan.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tì wá mọ́lé. A gbọ́ pé wọ́n ti ń pa àwọn Ọlọ́pẹ. Ẹnu tó ń sọ pé ejò lọ́wọ́ nínú, pé àwọn ọ̀tá rẹ̀ ló pa á, kò dá mọ́. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún èèyàn pé mọ́tò lásán ni.

Ìjẹ̀bú_ÒkèÀdó
Ìyá, ẹ kú ìrántí. Ibi tí mo ń bọ̀ nìyẹn, tìfẹ́tìfẹ́ ni mo sì fi ń sọ ọ́. Lára àwọn tí wọ́n pa lọ́sẹ̀ yẹn ni àwọn agbowó-orí àtàwọn èèyàn Ọlọ́pẹ, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Ìbàdàn fúnra wọn, ní ìgbèríko. Ọlọ́pàá kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn, ilé ẹjọ́ dájọ́ ikú fún àwọn kan. Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn gan-an tí Bàbá Àgbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa wọn. Ìdílé méjì ló ń sunkún lórí òkú kan: ti ẹni tí wọ́n pa, àti ti ẹni tí wọ́n máa yẹgi fún. Adélabú kò rán wọn níṣẹ́, ó ti kú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a ti ń sọ fún ọdún 4 pé àwọn kan ló ń jẹ wá run, ọ̀rọ̀ náà kò kú pẹ̀lú rẹ̀. Tí ẹ bá máa mú ọmọ lọ síbi sàréè, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé sàréè mìíràn wà.

Àgbẹ̀_Akánrán
Mi ò ní já ọ nírọ́, ọmọ mi. Ẹnì kan lọ́wọ́ ìyá bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n kó. Kò padà wálé. A kì í sọ ọ́ níta.

Ìjẹ̀bú_ÒkèÀdó
Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tu ìdílé nínú.

Arẹ́wà_Agodi
Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí Mábọláje? Ṣé ó ṣẹ́ kù?

Akọ̀wé_Mábọláje_kọ́, Akọ̀wé_Mápó ni
(Mo yí orúkọ mi díẹ̀ torí àwọn kan ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé ọmọ ẹgbẹ́ ni mí. N kò ṣe ẹgbẹ́ kankan rí.) Adeoye Adisa di olórí, Mojeed Agbájé ní tirẹ̀ lápá kejì, ẹgbẹ́ pín. Láàárín ọdún díẹ̀, kò lágbára mọ́. Adélabú kò fi ìlànà sílẹ̀ fún bí wọ́n ṣe máa yan ẹlòmíràn, ọwọ́ ara rẹ̀ ni gbogbo okùn wà. Orúkọ ìdílé ṣì wà lóṣèlú: Adébáyọ̀ Adélabú, ọmọ ọmọ rẹ̀, dupò gómìnà Ọ̀yọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì di mínísítà iná mànàmáná ní 2023.

Àwọn kan máa ń sọ pé látọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òṣèlú Ìbàdàn ti gba ọ̀nà tí Lamidi Adédibú, alágbára òṣèlú Ìbàdàn, padà gbà, ọ̀nà àmàlà àti ọmọ ìta. Mi ò gbà. Àwọn tó tẹ̀ lé Adélabú ní ẹ̀sùn lọ́wọ́: kòkó, owó-orí, ilẹ̀, Ọ̀ṣun. Ìyẹn ló ń kó wọn jáde, kì í ṣe oúnjẹ.

ỌmọKúdẹ̀tì
Mo ti jókòó ti ọmọ náà lálẹ́ yìí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí kòkó bí Bàbá ṣe ní kí n ṣe. Ó fọkàn sí i gan-an. Ìbéèrè kan ló bi mí tí mi ò rí dáhùn: "Àwọn 6 ni wọ́n rán lọ, 5 lọ síbi tí agbára wà. Kí ló dé tí òun ò lọ?"

Akọ̀wé_Mápó
Ọmọ yẹn gbọ́n. Ó nígbàgbọ́ nínú NCNC, ìyẹn hàn nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n sọ èyí fún un pẹ̀lú. Lọ́jọ́ tó dúró, òun ló pàdánù: Akínlóyè ń ṣe mínísítà, òun jókòó sápá àwọn tí kò ní nǹkan kan. Nígbà tí owó-orí wá dé ní 1953, tí àwọn àgbẹ̀ àti mọ́gàjí wá ń wá ẹni tó máa bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n wo Ilé Ìgbìmọ̀, gbogbo ọmọ Ìbàdàn tó wà níbẹ̀ ti bá ìjọba mulẹ̀, àfi ọ̀kan. Ọ̀kan yẹn ni wọ́n lọ bá. Bí òun náà bá ti lọ ní 1951, kò bá má sí Mábọláje, Máìlì 51 ì bá jẹ́ orí ọ̀nà kan ṣá.

ỌmọKúdẹ̀tì
Ẹ ṣeun, sà. Ọ̀la, lẹ́yìn iléèwé, a jọ ń lọ sí Òkè-Olúòkun. Màá ka èyí fún un níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Òkè-Àdó, màá ka tiyín náà, gbogbo rẹ̀.